Iṣẹ́ Ọwọ́ àti Ẹ̀mí Àjọṣe: Ohun tí Ilé-Ẹ̀kọ́ Girama Ìgbèríko Lè Kọ́ Ìjọ́rà, Àpápá àti Ajégúnlẹ̀

Ìfáárà

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí dá lórí ìgbé ayé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ìgbèríko nílẹ̀ Yorùbá, lórí ẹ̀mí àjọṣe tí irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ máa ń gbìn sí ọmọ lọ́kàn, àti lórí ọ̀nà tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tó wà láàárín ìgboro, irú èyí tó wà ní Ìjọ́rà, ní Àpápá àti ní Ajégúnlẹ̀, fi lè ní ẹ̀mí kan náà bí wọn kò tilẹ̀ ní ilẹ̀ tí wọ́n lè fi dáko. Ilé-ẹ̀kọ́ girama ni ilé-ẹ̀kọ́ tí ọmọ ń wọ̀ lẹ́yìn tó bá ti jáde ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, yálà ó fi ọdún márùn-ún wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi ti àtijọ́, tàbí ọdún mẹ́fà gẹ́gẹ́ bí ètò 6-3-3-4, tó bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní ọdún 1982, ti là á sílẹ̀. Ẹ̀mí àjọṣe ni ìfẹ́ tó ń mú kí ènìyàn ka ọ̀ràn ẹnì kejì rẹ̀ sí ọ̀ràn ara rẹ̀, kí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ohun tí gbogbo wọn yóò jọ jàǹfààní rẹ̀ láìdúró de ẹni tí yóò pàṣẹ fún un.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé afẹ́fẹ́ oko àti ìdákẹ́jẹ́ ìgbèríko ló ń sọ ọmọ di ọmọlúàbí, pé ariwo ìgboro, ọ̀pọ̀ èrò àti àìríbi-dúró-sí ló sì ń bà á jẹ́. Ìtàn àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wa kò ti èrò yìí lẹ́yìn. Ohun tí ìtàn náà fi hàn ni pé ẹ̀mí àjọṣe máa ń wà níbikíbi tí ọmọ àti olùkọ́ bá ti jọ ń ṣe iṣẹ́ tó ní láárí, tí wọ́n jọ ń jẹ èrè rẹ̀, tí ohùn ọmọ sì wà nínú bí wọn yóò ṣe ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń kú níbikíbi tí iṣẹ́ bá ti di ìyà, ì báà ṣe àárín igbó kìjikìji ni ilé-ẹ̀kọ́ náà wà. Orí kókó kan ṣoṣo yìí ni gbogbo àlàyé tó tẹ̀lé e dúró lé.

Àjọṣe kí ilé-ẹ̀kọ́ tó dé

Kí aláwọ̀ funfun tó mú ilé-ẹ̀kọ́ wá ni Yorùbá ti ní àwọn ètò tí ọmọdé fi ń kọ́ iṣẹ́ àti ìwà papọ̀. Èkíní nínú wọn ni àáró, èyí tí í ṣe àdéhùn láàárín àwọn àgbẹ̀ mélòó kan, pàápàá àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n jẹ́ ẹgbẹ́ ara wọn, pé wọn yóò jọ lọ sí oko ẹnì kan lónìí, wọn yóò lọ sí ti ẹlòmíràn lọ́la, títí yóò fi yí gbogbo wọn ká. Gbèsè ni àáró, nítorí pé ọjọ́ tí a bá bá ẹnì kan ṣe, dandan ni kí ó san án padà pẹ̀lú ọjọ́ iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Èkejì ni ọ̀wẹ̀, èyí tó yàtọ̀ sí àáró ní ti pé ẹnì kan ló ń bẹ ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wẹ̀ fún iṣẹ́ tó ju agbára rẹ̀ lọ, bíi kíkọ́ ilé, bíbo òrùlé tàbí ríro oko àna, tí yóò sì fi oúnjẹ àti ohun mímu ṣe wọ́n lálejò láìsí pé wọ́n ń ka ọjọ́ fún un. Ẹ̀kẹta ni ẹgbẹ́, ìyẹn àwùjọ àwọn tí ọjọ́ orí wọn súnmọ́ra, tí wọ́n ń dáwó jọ, tí wọ́n ń bá ara wọn ṣe ìnáwó, tí wọ́n sì ń bá ọmọ ẹgbẹ́ tó bá hùwà àbùkù wí kí àgbà tó gbọ́.

Ètò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí jọra ní ohun méjì tó ṣe pàtàkì fún ọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́. Lákọ̀ọ́kọ́, kò sí ẹni tó ka iṣẹ́ inú wọn sí ìjìyà, nítorí pé orin, ẹ̀fẹ̀ àti oúnjẹ ń bá a rìn, ojú sì máa ń ti ẹni tó bá sá fún un. Lọ́nà kejì, ẹni tó ṣiṣẹ́ máa ń fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ dà, yálà ebè ni o, yálà ògiri ni. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ girama wá bẹ̀rẹ̀ sí í tàn ká ilẹ̀ Yorùbá, àwọn tó ka àwọn ètò wọ̀nyí kún ni ilé-ẹ̀kọ́ tiwọn rí bí ilé. Àwọn tó kọ̀ wọ́n sílẹ̀ ní tiwọn sọ ilé-ẹ̀kọ́ di ibi tí ọmọ ti ń kọ́ bí yóò ṣe sá kúrò ní ìlú rẹ̀.

Bí ìlú ṣe ń dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀

Ọwọ́ ìjọ àwọn ajíhìnrere ni ilé-ẹ̀kọ́ girama kọ́kọ́ wà, ní Èkó àti ní àwọn ìlú ńláńlá, ṣùgbọ́n láti nǹkan bí ọdún 1930 ni àwọn ìlú fúnra wọn ti ń dìde. Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí, tó gun orí ìtẹ́ ní ọdún 1930, dá Odùduwà College sílẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1932. Ní ọdún 1934, Ẹgbẹ́ Àtúnlùṣe Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà dá Iléṣà Grammar School sílẹ̀. Àwọn ará Ìjẹ̀bú-Igbó náà sì dá Molusi College sílẹ̀ ní ọdún 1949. Ohun tó so àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí pọ̀ ni pé owó ìlú, ilẹ̀ ìlú àti agbára ìlú ló gbé wọn ró, tí ìlú fi ka akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ sí ọmọ gbogbo ilé.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ètò yìí ló mú kí ọmọ àgbẹ̀, ọmọ alágbàro àti ọmọ ìyá ẹlẹ́kọ wọ ilé-ìwé láìsan owó, ṣùgbọ́n òun náà ló bí ìbéèrè tuntun, nítorí pé bí ọmọ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ bá jáde ìwé mẹ́fà, ibo ni wọn yóò lọ? Ìdáhùn ọ̀pọ̀ ìlú kéékèèké ni pé kí àwọn fúnra wọn kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama tiwọn. Àgbẹ̀ oníkòkó dá owó, baálẹ̀ yọ̀ǹda ilẹ̀, àwọn obìnrin ru yanrìn àti omi, àwọn ọkùnrin gé igi òrùlé, ìjọ tàbí ìjọba ìbílẹ̀ sì wá olùkọ́. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ náà Community fi wà lára orúkọ ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìgbèríko títí di òní: ọ̀wẹ̀ ni ìlú fi kọ́ wọn.

Ìjọba náà gbìyànjú irú ilé-ẹ̀kọ́ tuntun. Ní ọdún 1963, Comprehensive High School bẹ̀rẹ̀ ní Ayétòrò, ní agbègbè tí a ń pè ní Yewa lónìí, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ìjọba Amẹ́ríkà àti Yunifásítì Harvard. Ilé-ẹ̀kọ́ alákànpọ̀ ni, ìyẹn ni pé kò fi ọmọ tó fẹ́ràn ìwé sí ọ̀tọ̀ kí ó fi ọmọ tó fẹ́ràn iṣẹ́ àgbẹ̀, iṣẹ́ ẹ̀rọ tàbí ìṣòwò sí ọ̀tọ̀, abẹ́ òrùlé kan náà ni ó kó gbogbo wọn sí kí wọ́n lè jọ mọ iyì ara wọn.

Mayflower ní Ìkẹ́nnẹ́

Nínú gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ìgbèríko ilẹ̀ Yorùbá, èyí tó gbé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti àjọṣe dé òpin ni Mayflower School ní Ìkẹ́nnẹ́, ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, tí Táí Ṣólàrín àti ìyàwó rẹ̀ Sheila dá sílẹ̀ ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kìíní ọdún 1956. Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ni Ṣólàrín, ìlú kan náà tí wọ́n ti bí Awólọ́wọ̀. Ọdún 1922 ni wọ́n bí i. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Wesley College ní Ìbàdàn, ó ṣiṣẹ́ nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfuurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà ogun àgbáyé kejì, ó sì lọ sí Yunifásítì Manchester lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó padà wálé, ó di ọ̀gá Molusi College ní ọdún 1952, ṣùgbọ́n àríyànjiyàn lórí àdúrà àti ẹ̀kọ́ ìsìn nínú ilé-ẹ̀kọ́ mú kí ó fi ibẹ̀ sílẹ̀, nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni pé kò yẹ kí ilé-ẹ̀kọ́ fi dandan mú ọmọ ṣe ìsìn kankan. Orúkọ tó sọ ilé-ẹ̀kọ́ tirẹ̀ wá láti ara ọkọ̀ ojú omi tó gbé àwọn tó ń wá òmìnira ọkàn láti Gẹ̀ẹ́sì lọ sí Amẹ́ríkà ní ọdún 1620.

Ìlànà Mayflower rọrùn láti sọ, ó le láti ṣe. Ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ bá nílò, àwọn ará ilé-ẹ̀kọ́ ni yóò kọ́kọ́ gbìyànjú láti fi ọwọ́ ara wọn pèsè. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dáko, wọ́n sin ẹran, wọ́n sì lọ́wọ́ nínú kíkọ́ ilé tí àwọn fúnra wọn ń gbé. Ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin ló ń ṣe é, kò sì sí iṣẹ́ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ọmọ tálákà tàbí tí wọ́n gbà kúrò lọ́wọ́ ọmọ olówó. Wọn kò kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sáláṣí sínú ọgbà, èyí tó yà á sọ́tọ̀ láàárín àwọn ilé-ẹ̀kọ́ àsìkò rẹ̀, ọmọ oríṣiríṣi ẹ̀yà sì ń wá láti ọ̀nà jíjìn. Ọ̀rọ̀ tí ilé-ẹ̀kọ́ náà fi ṣe àmì ìdánimọ̀ ni pé ìmọ̀ ni ìmọ́lẹ̀.

Ohun tó fún ìlànà yìí lágbára ni pé ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kò dúró sí abẹ́ ibòòji kí ó máa wo àwọn tó ń ṣiṣẹ́. Gbogbo Nàìjíríà ló mọ Ṣólàrín mọ́ ṣòkòtò péńpé kákí àti fìlà rẹ̀, aṣọ tó bá iṣẹ́ mu tó sì ń wọ̀ lọ síbi gbogbo, títí kan ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ. Ọmọ tó bá rí ọ̀gá rẹ̀ pẹ̀lú ọkọ́ lọ́wọ́ kò ní gbà láéláé pé ẹni tí kò mọ̀wé ló ni ọkọ́. Sheila, tó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá ọkọ rẹ̀ wá, fi gbogbo ìyókù ayé rẹ̀ sin ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ títí ó fi kú ní ọdún 2012, ọdún méjìdínlógún lẹ́yìn ikú Táí ní 1994. Nígbà tó yá, Mayflower bọ́ sí abẹ́ ìjọba, ó sì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Ògùn títí di òní.

Èrò tó bí Mayflower kò dá wà láyé. Ní Tuskegee, ní Alabama, níbi tí Booker T. Washington ti bẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ fún àwọn aláwọ̀ dúdú ní ọdún 1881, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ṣe bíríkì tí wọ́n fi kọ́ ilé ìkàwé wọn. Ní Serowe, ní Botswana, Patrick van Rensburg dá Swaneng Hill School sílẹ̀ ní ọdún 1963, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì bá a fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀. Ní Tanzania, Ààrẹ Julius Nyerere gbé ìwé ìlànà kan jáde ní ọdún 1967 lórí ẹ̀kọ́ tó ń mú ènìyàn dá dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, nínú èyí tó ti ní kí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ní oko, kí àwọn ọmọ sì lóhùn nínú bí wọn yóò ṣe ná èrè rẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé àṣẹ ìjọba ni ti Tanzania, nígbà tó jẹ́ pé àpẹẹrẹ olùkọ́ ló gbé ti Ìkẹ́nnẹ́ ró, àpẹẹrẹ olùkọ́ sì ni ìlú kékeré tàbí àdúgbò kan lè bẹ̀rẹ̀ láìdúró de ìjọba.

Ìgbé ayé ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ láti òwúrọ̀ di alẹ́

Kí ó lè yéni bí ẹ̀mí àjọṣe ṣe ń wọ ọmọ lára, ó yẹ kí a wo bí ọjọ́ ṣe máa ń lọ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìgbèríko tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé inú rẹ̀, bó ṣe rí ní ọ̀pọ̀ ibi láàárín ọdún 1950 sí 1980. Nínú ìwé ẹrù tí wọ́n ń fún òbí kí ọmọ tó wọlé, àdá, ọkọ́, ìgbálẹ̀ àti garawa wà pẹ̀lú ìwé àti bírò, nítorí náà ni ọmọ ti mọ̀ láti ilé pé ibi iṣẹ́ ni òun ń lọ. Agogo máa ń dún kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Àwọn kan ń gbá yàrá, àwọn kan ń fọ ilé ìwẹ̀, àwọn kan sì gbé garawa lọ sí odò, wọ́n tò tẹ̀ léra wọn lórí ọ̀nà tóóró tí ìrì ṣì wà lára koríko rẹ̀.

Iṣẹ́ tí gbogbo ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ìgbèríko kò lè gbàgbé ni ti pọ́ṣọ̀n. Pọ́ṣọ̀n ni orúkọ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fún ìwọ̀n ilẹ̀ tí wọ́n pín fún ẹnì kọ̀ọ̀kan láti gé koríko rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ àgbà tí iṣẹ́ wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ ni yóò fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀, yóò fi igi gún ààlà, ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò sì dúró síwájú tirẹ̀. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí àdá rẹ̀ kú, tí ọwọ́ rẹ̀ sì ti léròrò, yóò máa fi ojú wo bí àwọn yòókù ṣe ń parí tiwọn. Níbí yìí gan-an ni ilé-ẹ̀kọ́ ti ń fi ara hàn. Ní ilé-ẹ̀kọ́ tí àjọṣe ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, àwọn tó ti parí tiwọn yóò ti ẹ̀gbẹ́ kejì wọ pọ́ṣọ̀n ọmọ náà, wọn yóò gé e pàdé rẹ̀ láàárín, ẹnì kan yóò sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń pọ́n àdá lórí òkúta. Ọmọ tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún ní ọdún yìí ni yóò ṣe é fún ẹlòmíràn ní ọdún tó ń bọ̀, àáró sì ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ ọ́ sára pátákó.

Ní ilé oúnjẹ, tábìlì kọ̀ọ̀kan ní ẹni tí yóò pín ẹ̀wà tàbí iṣu sínú àwo, àṣà tó sì gbilẹ̀ ni pé ẹni tó pín ni yóò mú kẹ́yìn, nítorí náà ló ṣe ń ṣọ́ ìwọ̀n rẹ̀ dáadáa kí èyí tó kù fún un má bàa kéré jù. Ẹ̀kọ́ ìdọ́gba nìyí, ọmọ sì máa ń kọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Bí oúnjẹ kò bá tó, gààrí inú àpótí ọmọ kan di ti gbogbo yàrá. Lálẹ́, wọ́n á pé yí iná gáàsì ká láti ka ìwé, ẹni tí ìṣirò yé yóò máa ṣàlàyé fún ẹni tí kò yé, ọ̀pọ̀ sì wà tó jẹ́ pé ẹnu ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ti gbọ́ àlàyé tó mú un yege ìdánwò WAEC.

Ìlú tó yí ilé-ẹ̀kọ́ ká kò yà sẹ́yìn. Ìyá tó ń ta ẹ̀kọ àti ọ̀lẹ̀lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mọ orúkọ àwọn ọmọ, ó mọ èyí tí owó ti tán lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń bá àwọn tó ti òkèèrè wá sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi ń sọ ẹ̀ka èdè ìlú náà bí ọmọ bíbí ibẹ̀. Ọjọ́ eré ìdárayá jẹ́ ọjọ́ ọjà fún gbogbo abúlé. Onílù yóò dé, baálẹ̀ yóò jókòó, àwọn àgbẹ̀ yóò fi oko sílẹ̀ láti wá wo ilé tí yóò gba ife-ẹ̀yẹ. Yorùbá ní ẹnì kan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í bá ni tọ́ ọ, ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ ìgbèríko sì fi ń gbéra ga ni pé àwọn igba ènìyàn náà wà nítòsí.

Bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí a fi ìyìn bo àbùkù mọ́lẹ̀. Ní ilé-ẹ̀kọ́ púpọ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àgbà sọ àwọn kéékèèké di ọmọ ọ̀dọ̀, wọ́n ń rán wọn ní odò lóru, wọ́n ń gba oúnjẹ wọn, wọ́n sì ń nà wọ́n lórí ohun tí kò tó nǹkan. Ìwà yìí kì í ṣe àjọṣe. Ìnilára ni, ó sì ti lé ọmọ tó mọ̀wé kúrò nílé-ìwé.

Bí iṣẹ́ ṣe di ìyà

Láti nǹkan bí ọdún 1970 ni nǹkan ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Ìjọba gba ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ìjọ àti ìlú, ọ̀pọ̀ ìlú sì rò pé ẹrù ti kúrò lórí àwọn. Ní ọdún 1979, àwọn gómìnà ẹgbẹ́ òṣèlú UPN mú ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gòkè dé girama ní àwọn ìpínlẹ̀ Yorùbá. Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, Lateef Jákàńdè kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ púpọ̀ láàárín àkókò kúkúrú, ó sì fòpin sí ètò tí àwọn ọmọ kan fi ń wá láàárọ̀ tí àwọn mìíràn fi ń wá lọ́sàn-án nítorí àìtó yàrá. Àǹfààní ńlá ni èyí jẹ́, nítorí pé láìsí i, ọ̀kẹ́ àìmọye ọmọ Ajégúnlẹ̀ àti Ìjọ́rà ni kì bá tí fojú kan girama. Ṣùgbọ́n bí iye akẹ́kọ̀ọ́ ti ń pọ̀ tí iye olùkọ́ kò sì bá a dọ́gba, oko ilé-ẹ̀kọ́ di igbó, ilé oúnjẹ tì, ilé ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́ ṣófo ní ọ̀pọ̀ ibi.

Ohun tó burú jù lọ ni àyípadà tó bá ìtumọ̀ iṣẹ́. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, gígé koríko, gbígbá ilẹ̀ àti fífọ ilé ìgbẹ́ kò sí fún gbogbo ènìyàn mọ́. Ẹni tó pẹ́ dé, ẹni tó pariwo tàbí ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá ni wọ́n ń fi í jẹ níyà. Láti ọjọ́ tí ọmọ bá ti rí i pé ẹlẹ́ṣẹ̀ nìkan ló ń mú ìgbálẹ̀, yóò gbà lọ́kàn rẹ̀ pé ẹni rere kì í gbálẹ̀, èrò yìí ni yóò sì gbé wọ àgbà, tí yóò fi máa da ìdọ̀tí sínú gọ́tà ẹnu ọ̀nà rẹ̀ pẹ̀lú ìrètí pé ìjọba yóò wá kó o.

Ìbẹ̀rù pẹ̀lú ti dé bá ìgbèríko. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2017, àwọn ajínigbé wọ Lagos State Model College ní Igbónla, lágbègbè Ẹ̀pẹ́, wọ́n kó akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà lọ, àwọn ọmọ náà sì lò ju oṣù méjì lọ ní ìgbèkùn kí wọ́n tó dá wọn sílẹ̀. Òbí tó bá rántí irú èyí kò jẹ̀bi bó bá ń ṣiyèméjì láti fi ọmọ sí ilé-ẹ̀kọ́ tó wà lẹ́bàá odò tàbí nínú igbó. Ògiri ọgbà ṣe pàtàkì, ẹ̀ṣọ́ ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n ìlú tó ka ilé-ẹ̀kọ́ sí tirẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ rí àlejò tí a kò mọ̀, tí yóò sì figbe ta.

Ìjọ́rà, Àpápá àti Ajégúnlẹ̀

Ilé-ẹ̀kọ́ tó wà ní agbègbè yìí kò ní odò mímọ́, kò sì ní oko. Ilẹ̀ Àwórì ni Ìjọ́rà, Ọjọ́rà, tó wà lára àwọn Ìdẹ́jọ tí í ṣe àwọn ìjòyè onílẹ̀ Èkó, ni olórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹrù ọkọ̀ ojú omi, ibi ìpamọ́ epo àti ọ̀wọ́ ọkọ̀ tírélà ti gba ọ̀pọ̀ ààyè tó yí i ká. Nígbà òjò, omi máa ń wọ ilé ní Badia, àdúgbò kan ní Ìjọ́rà. Ní oṣù kejì ọdún 2013, ìjọba wó ilé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ní Badia East, ọ̀pọ̀ ìdílé tọmọtọmọ sì di aláìnílé lọ́jọ́ kan. Ọmọ tí ilé rẹ̀ lè wó nígbàkigbà nílò ilé-ẹ̀kọ́ tí yóò jẹ́ ilé fún un ju ọmọ ìgbèríko èyíkéyìí lọ.

Síbẹ̀, ohun ìní àjọṣe pọ̀ níbí. Ní Ajégúnlẹ̀, tó wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ajérọ̀mí-Ìfẹ́lódùn, Yorùbá (títí kan àwọn Ìlàjẹ), Ìgbò, Ìjọ̀, Urhobo àti Haúsá ń gbé nínú ọgbà kan náà, wọ́n ń pín ẹ̀rọ omi kan lò, irú àkópọ̀ ènìyàn tí Mayflower ní láti wá láti ọ̀nà jíjìn. Láti orí pápá bọ́ọ̀lù àdúgbò yìí ni Taribo West àti Emmanuel Amuneke ti lọ, àwọn méjèèjì sì wà nínú ikọ̀ Nàìjíríà tó gba góòlù ní ìdíje Òlíḿpíìkì ní Atlanta ní ọdún 1996. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù ní ibi tí pápá kò tó, tí ikọ̀ mélòó kan ń dúró de ara wọn, tí ẹni tó ní bàtà ń yá ẹni tí kò ní, yóò gbà pé àáró ń bẹ láàárín ìgboro.

Àpẹẹrẹ mìíràn tún súnmọ́ ọ̀rọ̀ wa ju bọ́ọ̀lù lọ. Ní Ajégúnlẹ̀ ni Morit International School wà, níbi tí àjọ African Cleanup Initiative ti ṣe ètò pé kí òbí tí owó kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ máa kó ike omi tí àwọn ènìyàn ti jù nù wá sí ilé-ẹ̀kọ́, wọn yóò wọ̀n ọ́n, wọn yóò sì ka iye rẹ̀ kún owó ilé-ìwé ọmọ. Ìyá ń kó o láti ilé, ọmọ ń ṣà á lójú ọ̀nà, gọ́tà ń mọ́, ọmọ sì ń jókòó sí kíláàsì. Kò sí ebè níbẹ̀, kò sí iṣu, ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ló tún ṣẹlẹ̀, nítorí pé ọwọ́ ará ilé-ẹ̀kọ́ ló pèsè ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ nílò.

Àbá

Ohun tó tẹ̀lé gbogbo àlàyé yìí ni pé kí ilé-ẹ̀kọ́ ìgboro má ṣe máa ṣàfẹ́rí igbó; kí wọ́n ṣe ètò iṣẹ́ wọn dáadáa ni. Lákọ̀ọ́kọ́, kí ilé-ẹ̀kọ́ yọ iṣẹ́ kúrò lára ìyà pátápátá. Kí gbígbá kíláàsì, títọ́jú gọ́tà kí òjò tó dé àti fífọ ilé ìgbẹ́ yí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ká bí àáró, kí olùkọ́ àti ọ̀gá sì ní ọjọ́ tiwọn nínú rẹ̀, nítorí pé ọjọ́ tí ọ̀gá bá kọ́kọ́ mú ìgbálẹ̀ ni ẹ̀kọ́ náà yóò bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà mìíràn ni a ó fi tọ́ ọmọ tó bá ṣẹ̀.

Lọ́nà kejì, kí iṣẹ́ náà ní èrè tí ojú rí. Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ewédú ń hù nínú àpò tí a rọ iyẹ̀pẹ̀ sí, a sì lè gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ògiri ní ibi tí omi kò ti ní gbé e lọ. Ike tí a tà lè ra ìwé fún yàrá ìkàwé. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jókòó ní ìpàdé láti pinnu ohun tí wọn yóò fi èrè náà ṣe, kí wọ́n sì gbọ́ ìṣirò owó ní gbangba. Ibi tí àgbà bá ti ń kó èrè iṣẹ́ ọmọ lọ sílé, ìfiniṣẹrú ni, kì í ṣe ẹ̀kọ́, òbí sì gbọ́dọ̀ kọ̀ ọ́.

Lọ́nà kẹta, kí a fi akẹ́kọ̀ọ́ àgbà kọ̀ọ̀kan ṣe alágbàtọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kékeré kan tàbí méjì, láti máa bá wọn ka ìwé lẹ́yìn ilé-ìwé, kí ó sì tètè sọ fún olùkọ́ bí ọmọ kan kò bá wá. A gbọ́dọ̀ ṣọ́ ètò yìí lójú méjèèjì kí ìnilára ilé ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ má bàa tún padà wá.

Lọ́nà kẹrin, kí ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti àwọn ìyálọ́jà ka ilé-ẹ̀kọ́ àdúgbò sí ti ara wọn, yálà ọmọ wọn wà níbẹ̀ o, yálà kò sí. Ajórin lè wá kọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe ń jó irin tí yóò fi tún àga tó kán ṣe. Télọ̀ lè kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń rán aṣọ ilé-ìwé tó ya. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà, òwe yìí kò sì yọ ẹni tí ọmọ tirẹ̀ ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni sílẹ̀, nítorí pé inú àdúgbò kan náà ni gbogbo ọmọ wọ̀nyí yóò jọ dàgbà sí.

Ìkádìí

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ti fi hàn pé ìlú ló fi ọ̀wẹ̀ kọ́ ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ girama ìgbèríko, pé iṣẹ́ tí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ jọ ṣe ló sọ Mayflower di àpẹẹrẹ fún gbogbo Nàìjíríà, àti pé ìgbà tí iṣẹ́ di ìyà ni ẹ̀mí àjọṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kú, ní oko àti ní ìgboro. Ìjọba ní ojúṣe tirẹ̀ lórí ilé, lórí olùkọ́ àti lórí ààbò, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ìfọwọ́sowọ́pọ̀ ará àdúgbò bo àìṣedéédéé ìjọba mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ìjọba tó lè fi òfin gbin ìfẹ́ ọmọnìkejì sí ọmọ lọ́kàn. Àwọn olùkọ́, òbí àti akẹ́kọ̀ọ́ Ìjọ́rà, Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ ni iṣẹ́ yẹn já lé léjìká, wọ́n sì lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní sáà ẹ̀kọ́ tó ń bọ̀, pẹ̀lú ìpinnu kan tí kò ní ná wọn ní kọ́bọ̀: pé láti ọjọ́ náà lọ, gbogbo ará ilé-ẹ̀kọ́ ni yóò máa mú ìgbálẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní fi í jẹ ọmọ níyà mọ́.